Retinex: Ìṣírò Àwọ̀ Edwin Land Lórí Ilẹ̀ Pupa Àrán-Ọ̀rin

Bí ìyá àgbà bá wé gèlè funfun lọ síbi ìkómọ ní Àrán-Ọ̀rin nílẹ̀ Ìgbómìnà, funfun ni gèlè náà lójú wa nínú oòrùn àárọ̀. Bí wọ́n bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án, funfun náà ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí a tan láńtánì, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ gèlè. Bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara aṣọ yẹn bọ̀ sójú wa ti yí padà: abẹ́ igi fi àwọ̀ ewé kún un, láńtánì fi pupa rúsúrúsú kún un. Kí ni ojú ń ṣe tí kò fi ṣìnà?

Edwin Land, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ Polaroid sílẹ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún lépa ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ tí òun àti John McCann gbé jáde ní 1971, tí Land tún là yé gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn Scientific American ní 1977, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Retinex ni ó pè é. Ó so orúkọ náà pọ̀ látinú retina, awọ ìríran tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, àti cortex, èèpo ọpọlọ, nítorí kò fẹ́ pín iṣẹ́ náà fún ọ̀kan kó yọ èkejì sílẹ̀.

Ìdánwò tó gbé iṣẹ́ yìí ró dára púpọ̀. Land lẹ bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ara wọn lórí pátákó ńlá, bí àwòrán Piet Mondrian, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands. Ó tan iná mẹ́ta sí i, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ó sì fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara bébà kan bọ̀. Lẹ́yìn náà ó dín iná kan kù, ó fi kún òmíràn, títí bébà mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá fi ń rán iye ìmọ́lẹ̀ kan náà gẹ́lẹ́ jáde. Ẹ̀rọ ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ojú kọ̀: èyí tó jẹ́ pupa ṣì pupa, èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé kò yẹsẹ̀. Mi ò mọ ìdánwò mìíràn tó fi hàn kedere tó báyìí pé ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú nìkan kọ́ ló ń sọ àwọ̀ fún wa.

Ìṣírò tí wọ́n fà yọ níbẹ̀ kò le. A ó ya àwòrán sọ́tọ̀ lọ́nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣírò ń rìn láti igun kan dé òmíràn, níbi gbogbo tí ó bá sì ti kan ààlà, yóò béèrè ìlọ́po mélòó ni ibí fi mọ́lẹ̀ ju ibi tó ti ń bọ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tó ń yọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó kà á sí ìṣe ìmọ́lẹ̀, kò sì kà á kún nǹkan kan. Ìyàtọ̀ òjijì ló ń pè ní àwọ̀. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ó fi ń ṣe funfun.

Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a jà. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Yangí ni ojú ọ̀nà, amọ̀ ni ògiri ilé àtijọ́, pàánù ti dógùn-ún, nígbà ọyẹ́ sì rèé, eruku pupa a bo ewé pàápàá. Bí ọmọ kan bá dúró síwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun funfun kankan nítòsí, ògiri tí oòrùn ń ràn sí ni Retinex máa fi jẹ oyè funfun. Gbogbo àwọ̀ yòókù á sì tẹ̀lé e ṣìnà. Òjìji etí pàánù tó mú ṣáṣá lára ògiri lọ́sàn-án gangan ńkọ́? Òjijì ni, nítorí náà àwọ̀ ni ìṣírò máa pè é. Bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pátákó kò ní irú òjìji bẹ́ẹ̀.

Ní 1980, Gershon Buchsbaum gba ọ̀nà mìíràn: bí a bá da gbogbo àwọ̀ inú àwòrán pọ̀, kó jẹ́ àwọ̀ eérú, ohun tó bá lé lórí eérú, ẹ̀bi ìmọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ti lo irú èrò yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá da àwọ̀ Àrán-Ọ̀rin pọ̀, ilẹ̀ pupa ló máa jáde. Kámẹ́rà á di ẹ̀bi ilẹ̀ ru ìmọ́lẹ̀, á fa pupa kúrò nínú gbogbo nǹkan, ojú ọmọ á funfun bí ẹni tó kun eérú, fìlà funfun á sì di búlúù. Ohun tó dùn mí jù nìyí, nítorí fọ́tò yẹn ló máa wà nílé fún ogójì ọdún.

Ní 1986, David Brainard àti Brian Wandell yẹ Retinex wò, wọ́n rí i pé bí a bá pààrọ̀ àwọn bébà tó yí ọ̀kan ká, ìdáhùn rẹ̀ a máa yí padà ju bí ojú ènìyàn ṣe ń yí lọ. Mo gbà fún wọn. Àwọn ìṣírò òde òní, tí wọ́n ń kọ́ lára àwòrán tí a ti mọ ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀, sàn jù ú, àmọ́ ibi tí a ti ya àwòrán wọ̀nyẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní 2021 Google gbé Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6 kí ara dúdú lè jáde bó ṣe rí. Ara nìyẹn. Ilẹ̀ ṣì kù.

Mi ò ní tìtorí èyí fojú kéré Land. Bébà tí kò ní ìrísí ohunkóhun ló mọ̀ọ́mọ̀ lò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn. Ó rí ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n nínú yàrá alámọ̀, níbi tí láńtánì nìkan ń tàn, ìyá àgbà ṣì mọ gèlè tiwọn ní funfun. Àwọn ni wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n fi sítáàṣì sí i, tí wọ́n sá a sóòrùn.