Ẹ Wá Jẹun: Àyẹ̀wò Ìwé Àwọn Ahun Tí Al-Jāḥiẓ Kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá jókòó ti oúnjẹ, tí ẹni tí a mọ̀ sì ń kọjá lọ, a ó ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹni náà á ní kó gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwa ò bínú, òun náà ò bínú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tí a pè bá yà ńkọ́, tó ṣan ọwọ́, tó sì fa àpótí? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ méjì àti ẹja kan péré ló wà nínú àwo ńkọ́? A ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó sún fún un, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wa, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Irú ìtìjú kékeré yìí, àti irú adùn kékeré tó wà nínú ẹ̀kọ méjì àti ẹja kan, ni ìwé tí a fẹ́ yẹ̀wò yìí dá lé. Orúkọ rẹ̀ ni Kitāb al-Bukhalā', ìyẹn Ìwé Àwọn Ahun. Àwọn tó ti ka kéwú jìnnà láàrin wa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nítorí tiwọn ni a ṣe gbé e wá síbí.

Abū 'Uthmān 'Amr bin Baḥr ló kọ ọ́, ará Baṣra ní ilẹ̀ Ìrákì. Nítorí ojú rẹ̀ tó yọ síta ni wọ́n ṣe ń pè é ní al-Jāḥiẓ. Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 776, ó sì kú ní ọdún 255 lẹ́yìn Hijra, èyí tó bọ́ sí 868 sí 869. Ìtàn sọ pé ó ti ta búrẹ́dì àti ẹja rí létí odò Sayḥān ní Baṣra. Kò yà wá lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ta oúnjẹ rí mọ bí ojú ènìyàn ṣe ń rí nídìí oúnjẹ. Ìwé náà ti rìn jìnnà: wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Leiden ní 1900, Charles Pellat túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní 1951, R. B. Serjeant sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1997.

Ọ̀rọ̀ la fi ń dá ọ̀rọ̀ lóhùn

Ẹ jẹ́ kí á mú ìtàn kan níbẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ mu. Bàbá kan láti ilẹ̀ Khurāsān jókòó létí odò kékeré kan, ó ń dá jẹun. Ọkùnrin kan ń kọjá, ó sálámà sí i. Bàbá dáhùn, ó sì ní kó wá jẹun. Kíá, ọkùnrin yìí yí padà, ó fẹ́ fo odò náà kọjá. Bàbá ní kó dúró ná, kí ló ń wá bọ̀ wá ṣe? Ọkùnrin ní òun ń bọ̀ wá jẹun ni. Bàbá bi í pé ta ló sọ oúnjẹ òun di ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní ṣebí bàbá ló pe òun. Níbí ni bàbá ti la àlàyé sílẹ̀. Ó ní ètò wà fún un: ẹni tó ń kọjá á kí ẹni tó jókòó, ẹni tó jókòó á pè é sí oúnjẹ, ẹni tó ń kọjá á sì ṣàdúà kó gba ibi ire. Ọ̀rọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ni èsì rẹ̀. Bí òun bá wá sọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn fi jíjẹ dáhùn, òṣùwọ̀n kò dọ́gba mọ́.

A rẹ́rìn-ín títí nígbà tí a kà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wa dáwọ́ dúró, nítorí a rí i pé bàbá yìí kò parọ́. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí a kì í sọ lójú ara wa ni ó sọ. Ibi tí agbára al-Jāḥiẓ wà nìyí. Kì í na ahun ní pàṣán. Á fún un láyè kó ro ẹjọ́ rẹ̀ délẹ̀, á jẹ́ kó ro ó bí lọ́yà, títí tí àwa tí a ń kàwé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wa nínú ọ̀rọ̀ náà.

Bákan náà ni ìtàn ará Marw tó máa ń wọ̀ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìrákì. Ọdọọdún ni yóò máa sọ pé ì bá wu òun kí ọ̀rẹ́ yìí wá sí Marw kí òun lè san oore rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ náà dé Marw lóòótọ́. Ó bá a láàrin àwùjọ, ó dì mọ́ ọn, ará Marw ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀rẹ́ rò pé aṣọ ìrìnàjò ni kò jẹ́ kó dá òun mọ̀. Ó bọ́ aṣọ ìbora, ó tú láwàní, ó ṣí fìlà. Ará Marw ní bó tilẹ̀ bọ́ awọ ara rẹ̀ pàápàá, òun kò ní í dá a mọ̀. Ta ni kò tíì ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ rí, tó ń gbàdúà nínú pé kí wọ́n má wá?

Àwọn ará mọ́sálááṣí

Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ti àwọn ọkùnrin kan tó máa ń pàdé ní mọ́sálááṣí Baṣra. Al-Jāḥiẓ ní ìṣọ́wóná ti sọ wọ́n di bí ọmọ ìyá. Ohun tí ojú ń tì wọ́n láti sọ níta, wọ́n á sọ ọ́ níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọ̀kan sọ bí òun ṣe ń darí omi tí òun fi wẹ̀ sínú kòtò kan tí òun tẹ́ dáadáa, kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun lè máa rí omi tó dùn mu. Òmíràn sọ ti Maryam tó fi wúrà àti aṣọ olówó iyebíye ṣe ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ bi í pé níbo lo ti rówó, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti bí ọmọ náà ni òun ti ń yọ ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan nínú èyí tí òun ń pò lójoojúmọ́, tí òun sì ń tà á bó bá pọ̀. Ìyá wo ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ irú ọgbọ́n yìí?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ti Mu'ādha, obìnrin opó tí ìbátan rẹ̀ fún ní àgùntàn Iléyá. Wọ́n bá a tó dorí kodò. Ó ní àwọn tó mọ ètò ẹran Iléyá ti kú tán, ẹ̀rù sì ń ba òun kí nǹkan kan má ṣòfò nínú rẹ̀. Ìwo á di ìkọ́ lára àjà, tí a ó fi àpẹ̀rẹ̀ kọ́ kí eku má bàa dé ibẹ̀. Ìfun á di ọṣán ọrun tí wọ́n fi ń gbọn òwú. Eegun ni a ó sè, kí á rí ọ̀rá rẹ̀ fi tan àtùpà, kí á sì fi eegun náà dáná. Awọ á di àpò. Ẹ̀jẹ̀ ló kù tí kò mọ ohun tí òun yóò fi ṣe, nítorí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ hàráàmù. Lójijì ni ojú rẹ̀ tàn: ó rántí pé òun ní ìkòkò tuntun, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ni wọ́n sì ń fi pa ìkòkò tuntun kó lè lágbára. Lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n bi í léèrè ẹran gbígbẹ. Ó ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹni tó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bu òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó là á mọ́lẹ̀, ó ní ènìyàn kì í mọ̀ pé àpà ni òun, àfi bó bá gbọ́ ìtàn àwọn ẹni rere.

Ọ̀pọ̀ ń ka Mu'ādha mọ́ àwọn ahun. Àwa kò gbà. Ahun ni ẹni tó ní, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Mu'ādha kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ẹran. Opó tí kò ní ẹni tí yóò bá a ṣètò ni. Àyọ̀ tó bá a nígbà tó rántí ìkòkò rẹ̀ jẹ́ àyọ̀ ẹni tó mọ iyì ohun tí Ọlọ́hun ṣe fún un. Bí a bá wo bí a ṣe ń da ìfun àti awọ sí gọ́tà lọ́jọ́ Iléyá, a ó mọ ẹni tó yẹ kí á fi rẹ́rìn-ín.

Àléébù ìwé náà

Kò sí ìwé ènìyàn tí kò ní àléébù. Àkọ́kọ́, al-Jāḥiẓ fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo ará Marw sí ahun, dé orí àkùkọ wọn, tó ní ó ń já ọkà gbà lẹ́nu abo adìẹ. Ìjà ọ̀rọ̀ wà láàrin Lárúbáwá àti àwọn ará Páṣíà nígbà náà, kò sì ṣàì ràn án. Ìkejì, àwọn lẹ́tà inú ìwé náà gùn jù, wọ́n ń sú òǹkàwé.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Ḥujurāt, āyah 11, pé kí ìjọ kan má fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ìwé yìí kò rú òfin náà? Èsì wa ni pé ọ̀nà méjì ló pín sí. Al-Jāḥiẓ fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò dárúkọ àwọn kan, nítorí ọ̀wọ̀ tàbí nítorí ìbẹ̀rù. Níbi tó ti fi orúkọ pamọ́, tó jẹ́ kí á rí ara wa nínú ìtàn náà, a wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tó ti dárúkọ èèyàn sí gbangba, a kì yóò tẹ̀lé e. Lóde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ tèwe tàgbà, ìtìjú ọ̀rẹ́ ẹni lè kárí ìlú kí wọ́n tó kírun Alásàárì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìtàn, ẹ kọ ìwà, ẹ má kọ orúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtìjú kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nígbà ìyàwó Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pẹ̀lú Zaynab bint Jaḥsh, àwọn kan jẹun tán, wọ́n jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ojú ń ti Ànábì láti ní kí wọ́n máa lọ. Ọlọ́hun ló bá a sọ ọ́, nínú Sūratul-Aḥzāb, āyah 53.

A tún rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ nípa èdè. Al-Jāḥiẓ ní bí a bá rí àṣìsọ nínú ìwé òun, òun mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, nítorí àtúnṣe gírámà á ba adùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àwa tí a ń kọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí ìyá ọlọ́jà inú ìtàn wa máa sọ̀rọ̀ bí ìyá ọlọ́jà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá wa sì máa túmọ̀ àwọn ìtàn yìí fún wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ẹni tó yà sídìí ẹ̀kọ méjì àti ẹja kan, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ pín in sí méjì. Kí Ọlọ́hun má fi wá sípò ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì há. Àmín.