Ọdún Mélòó Ni Oko Ẹrú Ì Bá Tún Lò?

Nínú Underground Airlines, ìwé ìtàn àròsọ tí Ben H. Winters gbé jáde lọ́dún 2016, wọ́n ti pa Abraham Lincoln kó tó gorí àléfà. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ò wáyé rárá. Àwọn olóṣèlú ṣàdéhùn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oko ẹrú. Ó wá di òde òní, ìpínlẹ̀ mẹ́rin ṣì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Fóònù wà, kọ̀ǹpútà wà, ẹrú náà wà.

Ṣé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ á ní rárá, pé ẹ̀rọ ì bá ti fòpin sí i. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹrú ṣe nígbà tí ẹ̀rọ lè já òwú?

Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwià jẹun, ọ̀rọ̀ yìí ò wọ̀ wá létí. Ọdún 1793 ni Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ kóró lára òwú. Iṣẹ́ yíyọ kóró yá lóòótọ́, àmọ́ torí pé ó yá, òwú di owó ńlá, oko ń fẹ̀ sí i, wọ́n sì ń wá ẹrú sí i. Àwọn ẹrú tí kò pé 700,000 lọ́dún 1790 ti sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́dún 1860. Ẹ̀rọ tó ń já òwú gan-an ò sì di ọjà gidi títí di àwọn ọdún 1940. Ẹ wá ka iye ọmọ tí wọn ì bá ti bí sínú ìdè kó tó dé. “Á tán fúnra rẹ̀” rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò sí lóko.

Winters mọ èyí, ohun tó sì mú ìwé rẹ̀ dára nìyẹn. Ẹrú inú ìwé rẹ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe aṣọ ló ni wọ́n. Victor tó ń sọ ìtàn náà sá kúrò lóko ẹrú, ọwọ́ ìjọba bà á, wọ́n sì fipá sọ ọ́ di ẹni tó ń tọpasẹ̀ àwọn ẹrú mìíràn tó sá. Wọ́n ri ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lára kí wọ́n lè máa mọ ibi tó wà. A bi ara wa pé ta ló kọ kóòdù ẹ̀rọ yẹn. Ó dájú pé ó ń gbowó oṣù, ó sì ń ṣèpàdé láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ibi tí a ti bá a jà ni pé ikú ọkùnrin kan ṣoṣo ló fi àádọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún oko ẹrú. Kì í ṣe òun nìkan. Nínú The Guns of the South tí Harry Turtledove kọ lọ́dún 1992, àwọn kan gbé ìbọn AK-47 wá láti ọjọ́ iwájú fún Ọ̀gágun Lee, Gúúsù borí, Lee di ààrẹ, òun náà ló wá ń tú ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́ ná! Ìwé òfin tí Gúúsù kọ lọ́dún 1861 sọ ọ́ gbangba pé ìjọba ò gbọdọ̀ ṣòfin tó máa gba ẹrú lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kódà ní December 1862, Lincoln gidi dábàá pé kí àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè títí di ọdún 1900 láti fòpin sí i, kí wọ́n sì gbowó lé e.

Ta ló wá sún ọjọ́ náà súnmọ́? Robert Smalls, ẹrú, wa ọkọ̀ ojú omi Planter kúrò ní Charleston ní May 1862, ó kó ẹbí rẹ̀ sínú ẹ̀, ó fà á lé àwọn ará Àríwá lọ́wọ́. Nǹkan bí 180,000 èèyàn dúdú ló jagun fún Àríwá. Ní Brazil tí ogun irú ẹ̀ ò ti wáyé, àwọn Nàgó tó ń sọ èdè wa yìí ti wà lára àwọn tó dìde ní Salvador lọ́dún 1835. Ní 1887, ẹrú ń fẹsẹ̀ ara wọn kúrò nínú oko kọfí São Paulo lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ọ̀gá ológun bẹ ìjọba pé kí wọ́n má fi àwọn lé wọn mọ́. Òfin ìtúsílẹ̀ jáde ní May 13, 1888.

Victor náà ṣe ìpinnu tirẹ̀ nígbẹ̀yìn, a ò ní bà á jẹ́ fún yín. Ó kàn dùn wá pé ojú ewé tó kù ò pọ̀ mọ́ nígbà tó fi ṣe é.