Kolkata, Ìlú Àwọn Òǹkàwé

Iṣẹ́ ló gbé mi dé Kolkata, ìlú ńlá kan ní ìlà-oòrùn Íńdíà. Mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìlú náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ooru rẹ̀ mú gan-an. Bí òjò bá dé láti oṣù kẹfà, títì a máa kún fún omi. Mo gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra nítorí ìwé.

College Street ni kí àlejò kọ́kọ́ lọ. Àdúgbò Yunifásítì Calcutta ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1857, ìsọ̀ ìwé ló sì kún ẹ̀gbẹ́ títì. Òmíràn kò ju pákó àti páànù lọ. Ìwé tuntun, àlòkù, ìwé ìṣègùn, ìwé ewì, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn débi pé ojú ẹni tó ń tà wọ́n nìkan ni èèyàn ń rí. Ẹ ṣá dárúkọ ìwé tí ẹ ń wá. Òǹtàwé náà á na ọwọ́ sínú òkìtì, á fà á yọ. Bí kò bá ní in, á rán ọmọ lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Nínú ilé kan ní Jorasanko, àdúgbò kan ní Kolkata, ni wọ́n bí Rabindranath Tagore sí ní 1861, inú ilé kan náà ló sì kú sí ní 1941. Òun ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Nobel lítíréṣọ̀ láti Éṣíà, ní 1913. Orin tó kọ lé ní 2,000, mo sì gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn tí kò fi orin kíkọ ṣe iṣẹ́. Tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn láàárín ìgboro, gbá akéwì Jibanananda Das ní 1954, ìyẹn ló sì pa á. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi níbi iṣẹ́ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni àkókò ọdún òrìṣà Durga, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Bí wọ́n ṣe ń ra aṣọ tuntun ni wọ́n ń ra àkànṣe ìwé ìròyìn ọdún, tó nípọn, tí odindi ìtàn àròsọ máa ń wà nínú rẹ̀ ní èdè Bengali. Satyajit Ray, tí ayé mọ̀ sí olùdarí fíìmù, kọ púpọ̀ nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Feluda, fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí àwọn òǹkọ̀wé ńlá máa fi iṣẹ́ tuntun ṣe ọdún fún àwọn èèyàn wọn, ní èdè wọn! N kò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ka ìwé Bengali rí, ẹ wá Pather Panchali, tí Bibhutibhushan Bandyopadhyay kọ, tó jáde ní 1929. Ìtàn Apu àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Durga, ni, nínú ilé tálákà kan ní abúlé. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á kí ẹ tó wo fíìmù tí Ray fi ṣe ní 1955.