Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní Ilé Wa

Nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Ọjà'ba àti ní Bẹẹrẹ ni a ti ń rí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lára ògiri, nínú dígí. Àwọn kan gbà pé bí ó ti rí gan-an ní Jerúsálẹ́mù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Leonardo da Vinci, ará ilẹ̀ Ítálì, ni ó ya èyí tí a ń ṣe àdàkọ rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1495 sí 1498, sára ògiri yàrá ìjẹun àwọn ará ẹgbẹ́ Dominic ní ìlú Milan. Orí ògiri gbígbẹ ni ó kun ọ̀dà sí. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

A kò bu iṣẹ́ náà kù. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ Jésù, pé ọ̀kan nínú wọn yóò fi Òun hàn, ti dà wọ́n rú: èyí dìde, èyí fi ọwọ́ lé àyà. Jésù nìkan ni ó jókòó jẹ́ẹ́. Júdásì fa ara sẹ́yìn, ó di àpò owó mú. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kejì àti ọwọ́ Olúwa ń lọ síbì kan náà lórí tábìlì.

Ibẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé. Tábìlì gígùn àti aṣọ funfun ni wọ́n ń wò, àti àwọn méjìlá tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ń retí ayàfọ́tò! Jíjẹun ará Milan nìyẹn. Àwọn Júù ìgbà náà a máa rọ̀gbọ̀kú nídìí oúnjẹ, wọn a sì jọ máa tọwọ́ bọ àwo kan. Àwa tí a dàgbà ní agbo ilé Ìbàdàn, tí a ti bá ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá bu òkèlè nínú àwo ọkà kan, kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí Júdásì ṣe. Àgbà tí kò fọkàn tán ènìyàn kì í bá a jẹun. Yóò ní òun ti yó. Júdásì kò ní òun ti yó. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi àwòrán yìí kọ́ àwọn ọmọ, ọwọ́ méjì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Ní ọdún 1947, Fada Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére wa ti gbẹ́ àwọn Amòye ní ìrísí ọba Yorùbá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí kò bá Ìhìnrere mu, kí ó tún padà wo tábìlì Milan náà. Ó wù wá kí irú wọn gbẹ́ oúnjẹ alẹ́ yìí pẹ̀lú: ẹní lórí ilẹ̀, àwo kan láàrin, ọwọ́ mẹ́tàlá nínú rẹ̀, kí a má sì lè mọ èyí tí í ṣe ti Júdásì.