Ọjà Ọ̀yìngbò àti Alájọ Ṣómólú: Àtúngbéyẹ̀wò Òwe kan Lásìkò Àrùn Kòrónà

Òwe tí ó sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òwe tí Yorùbá fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbéraga. Ẹni tí ó rò pé iṣẹ́ kò lè lọ lẹ́yìn òun, tàbí pé òde kò lè kún bí òun kò bá yọjú, ni wọ́n sábà máa ń pa á fún. Ìtumọ̀ yìí tọ̀nà, ó sì ti mọ́ etí lára. Àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2020 ni ó gbé ìbéèrè mìíràn dìde nínú rẹ̀: bí ọjà kò bá mọ ẹni tí kò wá, ta ni yóò mọ̀?

Ìhun òwe náà yẹ ní àkíyèsí. Ọjà ni olùwà gbólóhùn. Òwe sọ ọ́ di ènìyàn tí ó yẹ kí ó ní ìmọ̀, ó sì gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹnì kan” kò ní orúkọ; “kò wá” kò ní ìdí. Àìsàn lè dá ẹni náà dúró, owó ọkọ̀ lè wọ́n ọn, ó sì lè ti kú. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ lójú òwe. Ọ̀ọ́kán ni òwe ti ń wo ọjà, níbi tí èrò ti dà bí omi òkun, tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti hàn. Ìwòye yìí bá Ọ̀yìngbò mu, nítorí ọjà oúnjẹ tí ó ti pẹ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni, èrò kì í sì í wọ́n níbẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ìdí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn náà múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni, ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Ọ̀yìngbò, ni wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde fún Èkó, Ògùn àti Àbújá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì di oṣù Karùn-ún kí ó tó dẹ̀. Kónílé-ó-gbélé ni wọ́n pe òfin náà. Orúkọ yìí ti wà ṣáájú àrùn, fún ìgbà rògbòdìyàn; ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, nígbà ìwọ́de EndSARS, òun náà ni wọ́n tún lò. Ẹni tí ó bá tú u palẹ̀ yóò rí i pé onílé ni ó ń bá wí. Alábàárù tí ó ń sùn sí abẹ́ ìsọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, èyí sì fi hàn pé iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú ìsinmi. Òfin mú ilé wá láìsí oko. Bí ó tilẹ̀ yọ àwọn tí ń ta oúnjẹ sílẹ̀, kò yọ ọ̀pọ̀ tí owó òní ni wọ́n fi ń jẹun òní. Abájọ tí ó fi gba ẹnu àwọn ènìyàn pé ebi yóò pa àwọn kí Kòrónà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Lálaalẹ́ ni àjọ NCDC ń gbé iye àwọn tí ó ní àrùn náà jáde. Iye náà wúlò, ṣùgbọ́n àwọn tí àyẹ̀wò kàn nìkan ni ó lè kà. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sílé tí kò dé ibi àyẹ̀wò kò sí níbẹ̀. Ní ọ̀nà yìí, ètò ìkànìyàn náà dà bí ọjà inú òwe: ó mọ ẹni tí ó wá.

Bẹ́ẹ̀, Èkó kan náà ni ó bí àfiwé tí ó lòdì sí òwe yìí. Bí ọpọlọ ẹnì kan bá jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Ìtàn tí ó wà lẹ́nu ará Èkó ni pé ọkùnrin náà ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà láìkọ orúkọ sílẹ̀, kì í sì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Alájọ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ẹnì kan kò wá, nítorí ojú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń dé. Aládùúgbò ìsọ̀ náà mọ̀. Ìkíni rẹ̀ ni ẹ̀rí: “A ò rí yín láti ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kò sí?” Ìbéèrè yẹn ń wá ìdí tí òwe Ọ̀yìngbò kò béèrè.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn kedere. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ó tó mílíọ̀nù 3.9 gúnlẹ̀ sí Àbújá nípasẹ̀ ètò COVAX. Ní ọjọ́ 12, Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní tiwọn ní ilé ìwòsàn Yábàá yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ènìyàn ní láti gbà á. Íńdíà, níbi tí púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, fawọ́ sẹ́yìn. Ìjọba àpapọ̀ sì ní kí àwọn ìpínlẹ̀ dúró bí wọ́n bá ti lo ìdajì, kí ẹni tí ó gba àkọ́kọ́ lè rí ìkejì. Lásìkò yìí, abẹ́rẹ́ gan-an ni kò wá sọ́jà. Oṣù Kẹjọ ni mílíọ̀nù 4 ti Moderna dé láti Amẹ́ríkà. Kí ìkejì má baà bọ́, ẹnì kan ní láti mọ orúkọ ẹni tí kò padà wá. Iṣẹ́ alájọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà “àjẹsára” pàápàá ń béèrè irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀, oògùn tí ènìyàn jẹ kí májèlé tàbí àìsàn má baà rí i gbé ṣe ni, ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ni ó sì ti ń gbà á. Abẹ́rẹ́ jogún orúkọ náà pẹ̀lú ìlérí inú rẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ó gbà á tún ṣàìsàn fúyẹ́, ìlérí náà dà bí èyí tí kò ṣẹ lójú ẹni tí kò rí ojúlùmọ̀ kan ṣàlàyé fún un pé kí àrùn má baà dá ènìyàn wó ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

Òwe Ọ̀yìngbò yóò máa wúlò níwọ̀n ìgbà tí agbéraga bá wà láyé. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ti jáde ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́. Lẹ́nu àgbà tí ń bá agbéraga wí, ẹ̀kọ́ ni. Lẹ́nu ẹni tí ìlera ìlú wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìjẹ́wọ́ ni.