Ọ̀kọ̀ Tó Di Ọkọ: Àríwísí lórí Ìwé Orí Ẹ̀rọ Mi Àkọ́kọ́

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ àríwísí í ṣe púpọ̀, bí ìwé náà bá ti jẹ́ ti ẹlòmíràn. Lónìí, ìwé tèmi ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n, kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ń gbèrò àtiṣe irú rẹ̀ lè fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ìjálá ni mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan ní ìlú wa. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì fi Sigil àti Calibre, tí a kì í sanwó fún, sọ ọ́ di ìwé tí ènìyàn lè kà lórí fóònù. EPUB ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọdún 2007 ni ó jáde. Kí orúkọ náà má bà yín lẹ́rù. Àpò lásán ni: ọ̀rọ̀ ìwé wà nínú fáìlì kan, ìlànà bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí lójú wà nínú èkejì, àtòjọ àwọn orí ìwé wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ yóò tú àpò náà, yóò sì tẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ojú fóònù bá ti fẹ̀ tó.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ti wá. Ojú fóònù kò fẹ̀. Ìlà gígùn ṣẹ́ sí méjì, apá kejì sì jókòó bí ẹni pé ìlà tuntun ni. Òǹkàwé wá ń mí níbi tí oníjàálá kò ti mí. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ìpínrọ̀, kí a sì pa á láṣẹ nínú fáìlì ìlànà pé kí apá tó bá ṣẹ́ wọ inú díẹ̀: oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì ni ó dójú tì mí. Nítorí ìkánjú, n kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Mo gbé ìwé náà lọ fún bàbá, ọmọ-ọmọ wọn sì ń kà á sí wọn létí. Nígbà tí ó dé ibi ọ̀kọ̀, ó ka "ọkọ". Bàbá dá a dúró, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ ta ni mo jù lu ẹfọ̀n?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni n kò lè rín.

Mo padà lọ fi àmì sí i. Lórí fóònù mìíràn, àwọn àmì náà fò kúrò lórí lẹ́tà. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú Unicode, tí ẹ̀rọ fi ń mọ lẹ́tà, "ẹ" ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. "Ẹ" ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì lé e. Fọ́ǹtì tí kò mọ ibi tí àmì ń jókòó yóò bà á jẹ́. Nítorí náà, ẹ fi fọ́ǹtì tó dára sínú àpò náà gan-an. Charis SIL àti Gentium wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àṣẹ wọn sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú ya fọ́tò ojú ewé. N kò gbà. Fọ́tò kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ kò lè tóbi kí ìlà tún ara rẹ̀ tò fún ojú àgbà. Àwọn mìíràn yóò ní kí a fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro nìkan. Èyí lè tó fún ìròyìn, kò tó fún ìjálá, nítorí ohùn ni oníjàálá fi ń dá àrà.

Mo tún ìwé náà ṣe, ọmọ náà sì tún un kà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá dá a dúró: ọ̀rọ̀ kan tí etí èmi fúnra mi gbọ́ sódì. Ẹ̀rọ kankan kì bá tí bá mi rí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìwé tirẹ̀ tán, kí ó kọ́kọ́ kà á sétí ẹni tó ni ọ̀rọ̀.