Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Rédíò Inú Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Yorùbá ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìwé, eré orí ìtàgé, ère gbígbẹ́ àti orin. A ti yin olórin, a sì ti bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń mú kí orin náà dé etí àwọn èrò ọkọ̀ lójoojúmọ́, a kì í dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni náà ni alátùn-únṣe rédíò ọkọ̀, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, tí irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ tí a tú palẹ̀ sì kún iwájú rẹ̀. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ọkùnrin yìí ju iṣẹ́ ọwọ́ lásán lọ, ìdájọ́ ni. Bó bá ti ń pinnu ohun tí yóò yọ dànù àti ohun tí yóò tún ṣe nínú rédíò ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń pinnu orin tí a óò máa gbọ́ àti orin tí a óò gbàgbé. Ó yẹ kí a gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò bí a ti ń gbé ti àwọn yòókù yẹ̀ wò.

Bí a bá dárúkọ Ṣómólú, ìwé títẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ẹ̀rọ Heidelberg tí àwọn ará Jámánì ti lò gbó ń rí ọjọ́ ogbó tó dára níbẹ̀, ó ń tẹ ìwé àdúrà, káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ kọrí sí Bàrígà yóò rí i pé ọgbọ́n kan náà ló ń jọba lórí ọkọ̀. Dáńfó Volkswagen, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, bọ́ọ̀sì Japan: tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀mí kejì tàbí ẹ̀kẹta ni wọ́n sì ń lò. Rédíò inú wọn náà kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ẹni tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe rédíò wọ̀nyí. Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní ọdún 1963. Nígbà tó fi di 1968, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó ń lò ó nínú ọkọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ará Jámánì fi lélẹ̀ fún iwájú rédíò ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé: mìlímítà 180 ní ìbú, 50 ní gíga. Ẹni tí wọ́n rò pé yóò gbọ́ ọ ni awakọ̀ kan tó ti fèrèsé rẹ̀, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Wọn kò ro ti èrò tó fún mọ́ra lórí àga onípákó, wọn kò sì ro ti kọ̀ndọ́ tó ń kígbe Onípàánù àti Yábàá lẹ́nu ọ̀nà. Rédíò ẹni kan ni wọ́n ṣe. Rédíò agbo ni a ń fẹ́.

Ìyàtọ̀ náà kò mọ síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, rédíò FM ọkọ̀ tí a ṣe fún àwọn ará Japan kò gbọ́ ju láti 76 dé 90 lọ. Ray Power, ilé-iṣẹ́ rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, wà lórí 100.5. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó bí àlejò tó ń gbọ́ ariwo ọjà ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ èdè. Alátùn-únṣe ló ń so ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan mọ́ wáyà èríà rẹ̀, kí ohùn tó wà lókè lè sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí etí rédíò náà tó. Ti ọkọ̀ akẹ́rù tún yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń lo iná fóòtì 24 láti inú bátìrì méjì tí a so pọ̀, rédíò ọjà sì ń lo 12. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò fa wáyà láti ara bátìrì kan ṣoṣo. Rédíò yóò dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa bátìrì kan, èkejì yóò sì máa yó ju bó ti yẹ lọ, títí méjèèjì yóò fi bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sí àárín. Níhìn-ín ni a ti ń rí i pé ọgbọ́n orí wà nínú iṣẹ́ yìí, àti pé gbogbo àwọn tó ń ṣe é kọ́ ló dọ́gba.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n ń gbà tún rédíò àtijọ́ ṣe. Àkọ́kọ́ ni ti ariwo. A ó yọ sípíkà kékeré tí ilé-iṣẹ́ fi síwájú, a ó so àmúpílífáyà mọ́ ọn, a ó sì gbé àpótí sípíkà ńlá sábẹ́ àga ẹ̀yìn. Ohùn ìsàlẹ̀ yóò máa gbọ̀n àyà èrò. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀: ijó ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ fún orin wa pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ fújì àti àpàlà, èdè wa sì jẹ́ èdè olóhùn. Ìlù gángan pàápàá ń sọ̀rọ̀ ni. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń gbọ́ pé a ń lu ìlù, a kò gbọ́ ohun tí ìlù wí. Èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yóò ké "Ó wà o!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí awakọ̀ tó gbọ́. Ariwo kọ́ ni adùn.

Ọ̀nà kejì ni ti ìpààrọ̀: a ó fa rédíò àtijọ́ yọ, a ó ki tuntun tó ń gba fúláàṣì àti fóònù bọ ihò rẹ̀. Ìyẹn ló yá jù, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti àtúnṣe tòótọ́. Bẹ́líìtì rọ́bà tó ti dẹ̀ ló ń mú kí olórin máa fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn. A ó pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà kékeré tó ń yí téèpù bá ti le gbagidi, yóò máa jẹ téèpù. A ó fọ̀ ọ́ tàbí kí a wá òmíràn. Ibi tí téèpù ti ń fara kan ẹ̀rọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀dì, tí èmi yóò pè ní orí, a máa kó ìdọ̀tí tó ń bọ́ lára téèpù, ohùn òkè yóò sì di bàìbàì. Òwú àti sípíríìtì ni oògùn rẹ̀. Bí orí náà bá sì ti yẹ̀ díẹ̀, ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń yí díẹ̀díẹ̀, tí etí yóò sì máa sọ ìgbà tó tó.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní Bàrígà láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ kan àti awakọ̀ àgbà kan. Ọ̀dọ́ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù. Kò sẹ́ni tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì mọ́." Àgbà náà dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mi, ṣé ó wà nínú fúláàṣì tìrẹ?" Ìbéèrè yẹn ni àròkọ yìí ń gbìyànjú láti dáhùn.

Ẹ wo bí ẹ̀rọ ti ń pàṣẹ fún orin. Àwo àtijọ́ tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Inú ìwọ̀n yẹn ni Haruna Ishola ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe bẹbẹ. Nígbà tí àwo ńlá dé, ojú kan gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ebenezer Obey, Sunny Ade àti Sikiru Ayinde Barrister sì mú orin gùn, wọ́n ń ti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìdúró. Kásẹ́ẹ̀tì tún fẹ ààyè náà: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan fún irú kan, márùn-dín-láàádọ́ta fún òmíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lè gba orin sílẹ̀ lóde ayẹyẹ, láìbèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àwo. Báyìí ni a ṣe ní fújì òde, tí a ń pè ní "live play", tó ní ètò tirẹ̀: ìjúbà, oríkì olóde, ọ̀rọ̀ nípa ayé, kí ìlù tó gbalẹ̀.

Ní ayé fúláàṣì àti fóònù, a ti padà sí ìwọ̀n kúkúrú. Orin 9ice, ẹni tó fi Gongo Aso gbajúmọ̀ ní 2008, àti ti Olamide, ọmọ Bàrígà, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. N kò fi ìyẹn bú wọn. Ìwọ̀n tí Haruna Ishola fi bẹ̀rẹ̀ náà ni. Àmọ́ ẹ̀rọ tuntun ń fẹ́ kí orin gígùn náà wọ ẹ̀wù kúkúrú. Wọ́n ń gé fújì sí wẹ́wẹ́, fúláàṣì a sì máa da wẹ́wẹ́ náà pọ̀ mọ́ra, débi pé ìjó yóò ṣáájú ìjúbà.

Èyí tó tún burú ju gígé lọ ni pé púpọ̀ nínú fújì òde wọ̀nyí kò dé orí àwo rí. Orí téèpù tí kò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin ni wọ́n wà, nínú àpò ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, nínú oòrùn. Mo ti gbọ́ èyí tí olórin ti ń ki ìyálọ́jà, bàbá oníṣòwò àti ọmọ olóòkú, tí ó ń dárúkọ wọn àti ti ilé wọn. Orúkọ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wọn jù sẹ́yìn. Ọkọ̀ àtijọ́ wà lára ibi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù tí orí kan ti lè ka téèpù náà. Ọjọ́ tí a bá yọ orí yẹn, kásẹ́ẹ̀tì di pálásítíìkì lásán.

Mo mọ èsì tí àwọn oníṣẹ́ yóò fún mi, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́líìtì tó bá a mu ṣòroó rí, kódà ní Alábà. Wákàtí mẹ́ta ni àtúnṣe lè gbà, owó tí awakọ̀ ń san kò sì tó ti wákàtí kan. Awakọ̀ náà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kì í ṣe olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bó bá ń fẹ́ gbọ́ ìròyìn àti orin ọmọ rẹ̀ nínú fóònù, ta ni èmi láti dá a lẹ́kun?

Síbẹ̀, kò pọn dandan kí a yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ohun kan wà tó dà bí kásẹ́ẹ̀tì, tó ní wáyà nídìí. A ń tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ àtijọ́, orin inú fóònù yóò sì gba orí náà kọjá. Oníṣẹ́ tó dáńgájíá sì lè jó wáyà mọ́ ibi tí a ń yí ohùn sókè, kí ohùn fóònù gba ibẹ̀ wọlé, láìyọ ohunkóhun. Ní tèmi, iṣẹ́ tó dára jù nìyí: ó fún àgbà ní àyè, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ọmọdé. Wáyà kan náà lè gba ìhà kejì: nígbà tí orí ṣì mọ́, kí a gba ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fóònù, ojú kan lódindi, láìgé e.

Ìdájọ́ mi kò ju èyí lọ. Oníṣẹ́ tó sọ ariwo di púpọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún àyà, kò ṣiṣẹ́ fún etí. Èyí tó fa gbogbo rẹ̀ yọ yára, ṣùgbọ́n ó bẹ́ orí nítorí orí fífọ́. Èyí tó fi sùúrù nu orí náà, tó sì so fóònù mọ́ ọn, òun ni ọ̀gá láàárín wọn, òun ni kí awakọ̀ fi owó lé iṣẹ́ rẹ̀, òun ni kí àwa náà máa yìn. Orí tó dọ̀tí kò ṣe ju òwú díẹ̀ àti sípíríìtì lọ.